Bí Ọlọ́pàá Bá Lù Yín Tàbí Tì Yín Mọ́lé Láìtọ́: Ohun Tẹ́ Ẹ Máa Ṣe Láti Ojú Ọ̀nà Títí Dé Kóòtù

Láti ọdún 2013 ni mo ti ń bá àwọn èèyàn tẹ ìwé nítòsí kóòtù kan n'Íbàdàn. Ìwé ìbúra, ìwé àdéhùn ilé, ìwé ìbéèrè béèlì, gbogbo rẹ̀ ni mò ń tẹ̀. Èyí tó máa ń dùn mí jù ni pẹtíṣàn àwọn tí ọlọ́pàá lù, àwọn tí wọ́n tì mọ́lé láìnídìí, àti àwọn tí wọ́n fipá gbowó lọ́wọ́ wọn. Ohun kan ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú dání nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ: lọ́jọ́ tí wọ́n bá lù yín, kẹ́ ẹ délé láàyè ni iṣẹ́ yín. Orí ìwé ni ìjà náà wà, ẹni tí ìwé rẹ̀ bá pé ló sì máa ń rí nǹkan mú bọ̀.

Àbúrò mi ọkùnrin ni mo fi kọ́gbọ́n. Lọ́dún 2019, àwọn ọlọ́pàá kan dá a dúró nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, wọ́n rí láàpútọ́ọ̀pù nínú báàgì rẹ̀, wọ́n ní ọmọ Yahoo ni. Wọ́n fi ìdí ìbọn gbá a lórí, wọ́n mú un lọ sídìí POS, ó san owó kí wọ́n tó ní kó máa lọ. Nígbà tí mo fi máa débẹ̀ lọ́jọ́ kejì, màmá wa ti fọ ṣẹ́ẹ̀tì tí ẹ̀jẹ̀ dà sí, ó ti sá a sórí okùn, ó mọ́ tónítóní. Ìfẹ́ ọmọ ni màmá fi fọ̀ ọ́. Àbúrò mi fúnra rẹ̀ ti pa alẹ́ẹ̀tì báńkì rẹ́ torí kò fẹ́ máa rí i. Kò lọ sílé ìwòsàn, kò sì rántí orúkọ ẹnì kankan nínú wọn. Èmi ni mo tẹ pẹtíṣàn rẹ̀. Bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni mo ti mọ̀ pé kò ní débì kan, torí kò sí ohunkóhun tí mo rí so mọ́ ọn.

Lójú ọ̀nà

Tí wọ́n bá dá yín dúró, ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Bó bá jẹ́ alẹ́, ẹ tan iná inú ọkọ̀. Ẹ gbé ọwọ́ méjèèjì sórí sítíárìn níbi tí wọ́n ti máa rí i, kẹ́ ẹ kí wọn. Ẹ má já sílẹ̀ lójijì, ẹ má sì ki ọwọ́ bọ àpò láìsọ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mú ìwé ọkọ̀, ẹ kọ́kọ́ sọ ibi tó wà. Ẹ bi wọ́n pẹ̀lẹ́: "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ̀ṣẹ̀ mi?" Bí ọtí bá ń rùn lẹ́nu ẹni tó gbé ìbọn dání, gbogbo òfin tẹ́ ẹ mọ̀, ẹ gbé e pamọ́ di ọ̀la. Ẹ má fọwọ́ kan ìbọn, ẹ má di aṣọ wọn mú, bí ìgbátí bá tiẹ̀ dún létí yín.

Ojú ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Ẹ wo orúkọ tó wà láyà aṣọ, nọ́ńbà iṣẹ́, àmì ipò tó wà lápá tàbí léjìká. Ẹ wo nọ́ńbà ọkọ̀ wọn àti ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé aṣọ ilé ni wọ́n wọ̀, ẹ wo ìlà ojú, eyín, gíga, èdè tí wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, àti orúkọ tí wọ́n fi ń pe ara wọn. Ẹ wo aago, kẹ́ ẹ sì wo ohun tó wà nítòsí: ilé epo, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́sálásí, ṣọ́ọ̀bù tó ní kámẹ́rà.

Ẹ lè rò pé kí nìyẹn máa ṣe. Ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 2022, Drambi Vandi, ọlọ́pàá kan tí ipò rẹ̀ ń jẹ́ ASP, yìnbọn pa Bolanle Raheem, lọ́yà tó wà nínú oyún, ní Ajah l'Ékòó, nínú ọkọ̀ tí òun àti ẹbí rẹ̀ jọ wà. Lóṣù kẹwàá ọdún 2023, Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìpínlẹ̀ Èkó dájọ́ ikú fún un. Lára ẹ̀rí tí wọ́n gbé síwájú adájọ́ ni àkọsílẹ̀ ibi tí àwọn ọlọ́pàá ti ń gba ìbọn: ọta 25 ni wọ́n kó fún un, 23 ló dá padà. Ọlọ́pàá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló jẹ́rìí sí i. Àkọsílẹ̀ ta ló gba ìbọn, ta ló wà lẹ́nu iṣẹ́ níbo, kì í ṣe nǹkan àṣírí, lọ́yà lè ní kí kóòtù sọ pé kí wọ́n gbé e wá. Àmọ́ kò lè béèrè rẹ̀ bẹ́ ẹ kò bá lè sọ ọjọ́, aago àti ibi tó ti ṣẹlẹ̀.

Ní ti fóònù, abala 37 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 dáàbò bo àṣírí ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ bá ẹlòmíràn sọ, àwọn ọ̀gá pátápátá ọlọ́pàá náà sì ti sọ ọ́ léraléra pé kí àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn yé tú fóònù èèyàn kiri lójú títì. Ẹ sọ ọ́ jáde pé ẹ kò fọwọ́ sí i. Bí wọ́n bá já a gbà, ẹ má bá wọn fà á. Fídíò ńkọ́? Kò sí òfin tó ní ẹ̀ṣẹ̀ ni láti ya ọlọ́pàá tó ń ṣiṣẹ́ ní gbangba. Síbẹ̀, ẹni tí wọ́n dá dúró kọ́ ló yẹ kó máa yà á. Ẹni tó wà lódìkejì títì ló yẹ kó ṣe é, kó sì fi ránṣẹ́ sí èèyàn méjì kó tó kúrò níbẹ̀.

Ní téṣàn

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Abala 35 nínú ìwé òfin fún yín láyè láti dákẹ́ títí tẹ́ ẹ máa fi bá lọ́yà tàbí ẹnikẹ́ni tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ̀rọ̀. Orúkọ yín, ẹ sọ ọ́. Àdírẹ́sì yín, ẹ sọ ọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, "Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kí lọ́yà mi tàbí ẹ̀gbọ́n mi dé kí n tó kọ sítétímẹ́ǹtì." Abala yìí kan náà ló ní kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n torí rẹ̀ mú yín sílẹ̀ fún yín láàárín wákàtí 24, ní èdè tó yé yín. Yorùbá wà lára èdè náà. Ó tún ní níbi tí kóòtù kò bá jìnnà ju kìlómítà 40 lọ, ọjọ́ kan péré ni wọ́n ní láti fi gbé yín débẹ̀. N'Íbàdàn, l'Ékòó, l'Ábẹ́òkúta, kò sí téṣàn tí kóòtù jìnnà sí tó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń bínú tí wọ́n bá mú èèyàn lọ́jọ́ Jímọ̀, tí wọ́n wá ń sọ pé ó di ọjọ́ Ajé.

Bẹ́ ẹ bá máa kọ sítétímẹ́ǹtì, ẹ fọwọ́ ara yín kọ ọ́. Ẹ má buwọ́ lu bébà òfìfo. Níbi tí ọ̀rọ̀ yín bá parí sí, ẹ fa ìlà gbọọrọ sábẹ́ rẹ̀, ẹ buwọ́ lù ú níbẹ̀ gan-an, kí àyè má ṣẹ́kù tí ẹlòmíràn máa kọ nǹkan sí. Ẹ kọ déètì àti aago. Òfin ìgbẹ́jọ́ ẹ̀sùn ọ̀daràn ti ọdún 2015, tí gbogbo ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá ní irú tiwọn, sọ pé ẹ lè ní lọ́yà tàbí ẹlòmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbà tẹ́ ẹ bá ń kọ ọ́. Òfin kan náà ló ní kí wọ́n kọ gbogbo ẹrù tí wọ́n bá gbà lọ́wọ́ yín sílẹ̀. Fóònù, owó, bẹ́líìtì, kẹ́ ẹ rí i pé ó wọlé.

Ọ̀fẹ́ ni béèlì. Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri téṣàn fúnra rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà nínú sẹ́ẹ̀lì kì í ka ògiri, owó ló máa wá. Tẹ́ ẹ bá san án, kí ọmọ lè jáde, mi ò ní dá yín lẹ́bi, ṣùgbọ́n ẹ fi tiránsífà san án bó bá ṣeé ṣe, kẹ́ ẹ tọ́jú orúkọ tó wà lórí àkáǹtì náà. Kódà bẹ́ ẹ ti pa alẹ́ẹ̀tì rẹ́, báńkì yín ṣì lè tẹ ìwé àkáǹtì jáde pẹ̀lú ọjọ́ àti aago. Àwa kò mọ èyí nígbà ti àbúrò mi.

Nǹkan mẹ́ta mìíràn tí mo ń gbọ́ lójoojúmọ́: pé wọ́n mú ìyá dípò ọmọ tó sá lọ, pé wọ́n ti èèyàn mọ́lé nítorí gbèsè, àti pé wọ́n lé obìnrin padà nígbà tó wá ṣe onídùúró. Òfin kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ kọ ọ́ sínú pẹtíṣàn yín bó bá ṣẹlẹ̀ sí yín, torí àwọn kan gbà pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn, wọn kì í tiẹ̀ mẹ́nu kàn án.

Ẹ̀yin ẹbí tó wà níta, ẹ bi ẹni tó wà ní káńtà bóyá orúkọ èèyàn yín wà nínú ìwé. Bí wọ́n bá ní kò sí níbẹ̀, ẹ kọ orúkọ ẹni tó dá yín lóhùn àti aago tó dá yín lóhùn, kẹ́ ẹ wá lọ sí ẹ̀ka ìwádìí ọ̀daràn: Ìyágankú n'Íbàdàn, Panti l'Ékòó, Ẹléwẹ́ran l'Ábẹ́òkúta. Bí èèyàn yín bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti ikọ́ ẹ̀gbẹ, ẹ gbé oògùn náà dání pẹ̀lú ìwé dókítà.

Kẹ́ ẹ tó fọ aṣọ

Ilé ìwòsàn ló kàn, lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ lọ sí ti ìjọba bẹ́ ẹ bá rí i, ẹ sọ fún dókítà pé ọlọ́pàá ló lù yín, pẹ̀lú kí ni, níbo lára, kẹ́ ẹ sì bẹ̀ ẹ́ kó kọ ọ́ sínú fáìlì. Àwọn kan máa ń sọ pé àwọn ṣubú, nítorí ìbẹ̀rù. Ohun tó wà nínú fáìlì yẹn ni lọ́yà ọlọ́pàá máa gbé jáde níjọ́ kan.

Bó bá jẹ́ pé ọta ló ba èèyàn, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kẹ́ ẹ lọ mú ìwé wá láti ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá kí wọ́n tó tọ́jú rẹ̀. Òfin tó de ìtọ́jú ẹni tí ọta bà, ti ọdún 2017, pọn ọ́n ní dandan fún gbogbo ilé ìwòsàn, ti ìjọba àti ti aládàáni, láti gbà á wọlé kíákíá, ìwé wà tàbí kò sí. Ilé ìwòsàn ló máa fi tó ọlọ́pàá létí. Ẹ sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ sọ orúkọ òfin náà fún un. Ẹ̀jẹ̀ ti dà tán lára àwọn èèyàn lẹ́nu géètì nítorí ìwé yìí.

Lẹ́yìn náà, fọ́tò. Ẹ kọ́kọ́ ya èyí tí ojú yín àti ojú egbò jọ hàn, kí wọ́n má bàa sọ pé ara ẹlòmíràn ni. Ẹ wá sún mọ́ egbò, ẹ fi páálí ìṣáná tàbí rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí títóbi rẹ̀ lè hàn. Ẹ tún yà á lọ́jọ́ kẹta àti lọ́jọ́ keje, torí ojú ibi tí kóńdó bà kì í dúdú lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Aṣọ tó lẹ́jẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ nínú ilé, ẹ gbé e sínú àpò bébà. Inú ọ̀rá, ó máa bu.

Òfin tó lòdì sí ìdálóró, ti ọdún 2017, tún fún ẹni tí wọ́n dá lóró ní àtìmọ́lé lẹ́tọ̀ọ́ sí dókítà tó bá fẹ́, tí kì í ṣe ti ọlọ́pàá. Ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún 25 wà nínú òfin náà fún ẹni tó bá dáni lóró, kò sì gba àwáwí pé ọ̀gá òun ló ní kí òun ṣe é.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ikú, bó tilẹ̀ nira. Bí èèyàn yín bá kú lọ́wọ́ ọlọ́pàá, ẹ má yára sin ín. Mo mọ ohun tí ẹ̀sìn wí fún àwa Mùsùlùmí, mo sì mọ bí àwọn àgbà ilé ṣe máa ń sọ pé kí á bo àṣírí òkú. Àmọ́ òkú tó bá ti wọlẹ̀ láìsí àyẹ̀wò ti kó ẹ̀rí lọ. Ẹ bá aáfà tàbí àlùfáà yín sọ̀rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ ṣàlàyé fún un. Ẹ ní kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò òkú, kí dókítà tẹ́ ẹ fọkàn tán wà níbẹ̀. L'Ékòó, òfin tó de ìwádìí ikú (Coroners' System Law) ti ọdún 2007 ní kí wọ́n ṣèwádìí ikú ẹni tó bá kú ní àtìmọ́lé. Ẹ má buwọ́ lu ìwé kankan ní mọ́ṣúárì láìkà á.

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lóru ọjọ́ náà

Tí bírò bá wúwo lọ́wọ́ yín, ẹ sọ ọ́ sínú fóònù ní Yorùbá. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bó ṣe tẹ̀ léra. Ẹ sọ ohun tójú yín rí, ẹ fi ìdájọ́ sílẹ̀ fún ẹni tó máa kà á. Àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ mi máa ń fẹ́ kí n tẹ̀ ẹ́ pé: "Àwọn ìkà ọlọ́pàá náà lù mí ní ìlù bàrà." Gbólóhùn yẹn kò ṣiṣẹ́ kankan. Mo máa ń bi wọ́n léèrè títí yóò fi di báyìí: "Ní nǹkan bí aago méje àbọ̀ alẹ́, ọlọ́pàá tó ga, tí orúkọ àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú O, fi ìdí ìbọn gbá mi léjìká òsì lẹ́ẹ̀mejì. Mo ṣubú. Ọ̀rẹ́ mi tó jókòó níwájú ọkọ̀ rí i." Bẹ́ ẹ kò bá rántí nǹkan, ẹ ní ẹ kò rántí. Irọ́ kékeré kan nínú rẹ̀ máa ba òótọ́ ńlá jẹ́.

Pẹtíṣàn

Ojú ewé kan tàbí méjì ti tó. Ẹ kọ orúkọ yín, ohun tó ṣẹlẹ̀, orúkọ àwọn ẹlẹ́rìí, ẹ̀rí tẹ́ ẹ so mọ́ ọn, àti ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí làwọn èèyàn máa ń gbàgbé. Ẹ sọ ọ́: kí wọ́n ṣèwádìí, kí wọ́n dá owó yín padà, kí wọ́n gbé ẹni náà lọ sí kóòtù.

Bó bá jẹ́ pé téṣàn kan ló ṣẹ̀ yín, ẹ má fi pẹtíṣàn náà sílẹ̀ fún téṣàn yẹn nìkan. Ẹ kọ ọ́ sí Kọmíṣánnà Ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ yín (ní Ọ̀yọ́, Ẹlẹ́yẹlé n'Íbàdàn ni ọ́fíìsì rẹ̀ wà), kẹ́ ẹ fi ẹ̀dà ṣọwọ́ sí AIG, ìyẹn olùrànlọ́wọ́ ọ̀gá pátápátá ọlọ́pàá, tó ń ṣàkóso ẹkùn yín. Ọlọ́pàá tún ní ẹ̀ka tó ń gba ẹ̀sùn aráàlú, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2015, àti X-Squad tó ń mú àwọn ọlọ́pàá tó ń gba rìbá. Ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí Police Service Commission l'Ábùjá, torí àwọn ló lágbára láti lé ọlọ́pàá kúrò lẹ́nu iṣẹ́, àti sí àjọ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, NHRC, tó ní ọ́fíìsì káàkiri àwọn ìpínlẹ̀. Wọn kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín.

Òǹtẹ̀ ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fojú sí jù. Níbikíbi tẹ́ ẹ bá gbé pẹtíṣàn lọ, ẹ̀dà méjì lẹ máa gbé dání. Wọ́n máa mú ọ̀kan, wọ́n á lu òǹtẹ̀ sí èkejì, wọ́n á kọ déètì sí i, wọ́n á dá a padà fún yín. Bí wọ́n bá ní ọ̀gá tó ń lu òǹtẹ̀ kò sí nílé, ẹ jókòó dè é. Pẹtíṣàn tí kò ní òǹtẹ̀, ẹnikẹ́ni lè sọ pé òun kò rí i rí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ padà lọ, kẹ́ ẹ máa kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ lọ àti ẹni tẹ́ ẹ bá sọ̀rọ̀ sẹ́yìn ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ yín. Bí wọ́n bá pè yín láti wá jẹ́rìí níbi tí wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ ọlọ́pàá láàárín ara wọn, tí wọ́n ń pè ní ọ́dálì rúùmù, ẹ mú ẹnì kan dání, ẹ lọ. Ẹjọ́ púpọ̀ ti kú torí olùpẹ̀jọ́ kò yọjú.

Ẹni tí kò mọ ìwé kà, òfin ní kí ẹni tó bá a kọ ọ́ kọ orúkọ àti àdírẹ́sì tirẹ̀ sísàlẹ̀. Ẹ ní kó kà á sí yín létí ní Yorùbá kẹ́ ẹ tó tẹka. Bí kò bá fẹ́ kọ orúkọ ara rẹ̀, ẹ gba ìwé yín, ẹ lọ bá ẹlòmíràn.

Kóòtù

Abala 46 nínú ìwé òfin fún yín láyè láti lọ sí ilé ẹjọ́ gíga tààrà nítorí ẹ̀tọ́ yín. Ìlànà tí adájọ́ àgbà ilẹ̀ wa gbé kalẹ̀ lọ́dún 2009 ní kò sí gbèdéke ọjọ́ fún irú ẹjọ́ yìí, ẹlòmíràn sì lè pè é fún ẹni tó wà ní àtìmọ́lé. Bó bá jẹ́ ẹjọ́ irú mìíràn lẹ fẹ́ pe ọlọ́pàá, gbèdéke oṣù 3 lè wà níbẹ̀, nítorí náà ẹ má jẹ́ kó pẹ́ kẹ́ ẹ tó rí lọ́yà. Ẹni tí kò lówó lè lọ sí Legal Aid Council, tàbí kó béèrè ìgbìmọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ní ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà tó wà nílùú rẹ̀. L'Ékòó, ọ́fíìsì Public Defender wà fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Abala 35 sọ ọ́ kedere pé ẹni tí wọ́n mú láìtọ́ máa gba owó gbà-má-bínú, kí wọ́n sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbangba. Ẹ béèrè méjèèjì.

Nígbà tí wọ́n bá wá bẹ̀ yín

Wọ́n máa wá. Bí pẹtíṣàn yín bá ti ń jó wọn lẹ́sẹ̀, ìyá ọlọ́pàá náà máa wá pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, baálé àdúgbò máa tẹ̀ lé wọn, wọ́n á kúnlẹ̀, wọ́n á ní ọmọ mẹ́ta ló ń tọ́. Ọmọ Yorùbá ni wá, kò rọrùn láti jẹ́ kí àgbà kúnlẹ̀ kó dìde lásán. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ dárí jì í, ọkàn yín ló ni ín. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín sí ni ìwé tí wọ́n máa ń gbé dání, èyí tó máa sọ pé ẹ ti jáwọ́, pé irọ́ lẹ pa níjọ́ àkọ́kọ́. Mo ti rí èyí tí wọ́n wá padà fi mú ẹni tó buwọ́ lù ú.

Lọ́dún tó kọjá, ìyá kan tó ń ta ẹ̀kọ wá sọ́dọ̀ mi pẹ̀lú irú ìwé bẹ́ẹ̀. Apá ọmọ rẹ̀ ṣì wà nínú P.O.P. Àwọn tó bá a wá dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n ń dúró de ìgbà tó máa tẹka. Mo ka ìwé náà sí i létí láti òkè dé ìsàlẹ̀ ní Yorùbá. Ó ní kí n tún ìlà kẹrin kà. Mo tún un kà. Ó ká ìwé náà sínú ìró rẹ̀, ó sọ fún wọn pé òun fẹ́ fi han lọ́yà ná, ó sì béèrè ọ̀nà Legal Aid lọ́wọ́ mi.